Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa: Àwọn ọmọ lórí òkè Alps

Ìparí Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án ni ọlidé ọlọ́jọ́ gígùn àwọn ọmọ wa. Àsìkò yẹn náà ni yìnyín ti yọ́ lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ òkè Alps. Àwọn òǹkàwé tí ẹbí wọn ní Yúróòpù ń pè wọ́n wá lọlidé, àti àwọn tó kàn ń múra ìrìn-àjò tiwọn, ló kọ àwọn lẹ́tà ìsàlẹ̀ yìí. A gé àwọn kan kúrú.

Ọkọ mi ti wo ọ̀nà kan sílẹ̀ fún wa lórí fóònù. Kìlómítà 14 ni, a ó gun 900 mítà, a ó sì sọ̀ padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wákàtí márùn-ún ni. Lauterbrunnen ní Swítsàlandì la ó dé sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn ìbejì wa, ẹ̀gbọ́n wọn jẹ́ mọ́kànlá. Ṣé a lè rìn ín? — Ìyá Ìbejì, Kubwa

Rárá o, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá wa bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà. Kìlómítà 14 yẹn kọ́ ló burú jù níbẹ̀, 900 mítà tí ẹ ó gùn tí ẹ ó tún sọ̀ ni.

Ìṣirò tí àwọn tó ń rìn lórí Alps ń lò rèé. Ní ilẹ̀ títẹ́, kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan. Ní gígùn, 300 mítà ní wákàtí kan. Ní sísọ̀, 500 mítà ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò wákàtí jíjìn ọ̀nà lọ́tọ̀, ẹ ṣírò ti gígùn àti sísọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ mú èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì fi ìdajì èyí tó kéré lé e lórí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi wọn ọ̀nà Bàbá Ìbejì. Kìlómítà 14 jẹ́ wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Gígùn 900 mítà jẹ́ wákàtí mẹ́ta, sísọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 48, àpapọ̀ rẹ̀ wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 48. Ẹ fi ìdajì wákàtí mẹ́ta àbọ̀ kún un, ó ti lé ní wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ti àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le nìyẹn, kò sì tíì jókòó jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́fà á lò tó ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀. Ẹ ti ń sún mọ́ wákàtí mẹ́wàá.

Wákàtí tí wọ́n ń kọ sára pátákó ojú ọ̀nà ní Swítsàlandì náà kò ka ìsinmi mọ́ ọn, kò sì ka ọmọ tó fẹ́ ṣa òkúta mọ́ ọn. Ẹ wo àwọ̀ pátákó kí ẹ tó wo wákàtí. Pátákó aláwọ̀ ìyeyè lásán jẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbogbo ènìyàn. Bí ẹnu pátákó bá ní àmì funfun, pupa, funfun, ọ̀nà orí òkè gidi ni: ó lè dín, ọ̀gbun lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tí ojú ń kọ́ níbi gíga kò sì gbọdọ̀ tọ̀ ọ́. Funfun, búlúù, funfun kì í ṣe ti ẹbí rárá. Okùn àti irin ni wọ́n fi ń gun àwọn ibi kan níbẹ̀. Fún ìbejì ọlọ́dún mẹ́fà, ẹ dúró lórí ìyeyè, kí gbogbo ìrìn ọjọ́ náà má ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Ní Lauterbrunnen tí ẹ ń lọ gan-an, ọ̀nà tó yẹ yín wà. Ẹ wọ ọkọ̀ orí wáyà láti ìlú náà lọ sí Grütschalp, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Mürren. Ó lé díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́rin, gígùn rẹ̀ kò tó 200 mítà, Eiger (3,967 mítà), Mönch àti Jungfrau (4,158 mítà) á sì máa wò yín láti òdì kejì àfonífojì. Ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọlọ́mọ ni pé rélùwéè kékeré kan ń bá ọ̀nà náà lọ, ó sì ní ibùdókọ̀ kan láàárín, ní Winteregg. Bí Táyé bá ní òun ò rìn mọ́, ẹ wọkọ̀ níbẹ̀, ìjà parí. Lọ́jọ́ mìíràn tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ gba Wengen wọ ọkọ̀ orí wáyà lọ sí Männlichen, tó ga tó 2,200 mítà, kí ẹ rọra máa sọ̀ lọ sí Kleine Scheidegg tó wà ní 2,061 mítà. Ọ̀nà náà fẹ̀, àgbàlagbà ń rìn ín ní wákàtí kan àbọ̀. Ẹ̀yin ẹ fi í sí méjì àbọ̀. Rélùwéè ló máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun tó ń ba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù ni pípẹ́ kí a tó jáde. Ẹ ti wà lójú ọ̀nà ní aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀. Bí ẹ bá ti dé ibùdó ọkọ̀ orí wáyà, ẹ fi fóònù ya àwòrán pátákó tí wọ́n kọ àkókò ọkọ̀ ìkẹyìn sí. Oòrùn kì í wọ̀ ní Oṣù Keje títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló sì ń tan àlejò jẹ: ilẹ̀ ṣì mọ́ gbòò, ọkọ̀ ìkẹyìn ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ tún fẹnu kò ṣáájú lórí aago tí ẹ ó yí padà, ibi yòówù kí ẹ dé.

Ní ti rírìn, ẹni tó lọ́ra jù ló ń darí. Àgbà kan níwájú, àgbà kan lẹ́yìn, àwọn ọmọ láàárín. Níbi tí ọ̀gbun bá wà, àgbà ló máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun. Ẹ máa fún wọn ní nǹkan jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ má dúró de ìgbà tí ebi bá pa wọ́n. Ọmọ tó ti ń wí tẹnu rẹ̀ láti àárọ̀, tó wá dákẹ́ lójijì tó ń wo ilẹ̀, tó ń fi imú bàtà kọ òkúta, ebi ti ń pa á nìyẹn. Èso dàbínù mẹ́ta àti omi á tètè gbé e dìde ju ìbáwí lọ. Omi: ìdajì lítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan bí oòrùn bá mú, ó lè dín díẹ̀ fún àwọn ìbejì. Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ní abúlé ní Swítsàlandì dára ní mímu àyàfi tí wọ́n bá kọ *Kein Trinkwasser* tàbí *Eau non potable* sí i. Omi odò tí màlúù ń jẹko lókè rẹ̀, ẹ má mu ún, bó ti wù kó mọ́ tó.

Mo rí bàtà orí òkè tó dára gan-an ní ìsọ̀ gwanjo kan ní Wuse. Ó dà bí ẹni pé wọn ò wọ̀ ọ́ rí, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́rin tuntun. Ṣé kí n rà á fún èmi àti ìyàwó mi? — Bàbá Fadé, Nyanya

Pé wọn ò wọ̀ ọ́ rí gan-an ló ń bà wá lẹ́rù. Láàárín rọ́bà ìsàlẹ̀ bàtà àti awọ òkè, fóòmù kan wà tó ń gba ìkúùkù ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bàtà orí òkè, polyurethane ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ooru ń mú kó yá. Bàtà tó ti sùn sínú páálí fún ọdún mẹ́jọ, tó tún gba inú kọ̀ǹténà kọjá, lè dán lójú tí fóòmù rẹ̀ ti kú. Ẹ ó wọ̀ ọ́ jáde láàárọ̀, tó bá di wákàtí kejì lórí òkè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣí kúrò bí èèpo. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí bàtà olówó ńlá náà.

Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹ di gìgísẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ẹ di imú mú lọ́wọ́ kejì, kí ẹ ká a kó lè tẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà níbi tó ti tẹ̀. Bó bá sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ, ẹ dá a padà. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ẹ́: ó yẹ kó wọlé díẹ̀ kó sì padà sípò. Bó bá rún, tàbí tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí gọ́ọ̀mù, ó ti tán. Ẹ ṣí ahọ́n bàtà, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì inú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é síbẹ̀. Èyí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, àwa ò ní rà á. Bó bá yege, ẹ máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Àbújá kí ẹ tó fò, kí ẹ sì fi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ di téèpù líle mítà méjì mọ́ ara ike omi yín. Bí àtẹ́lẹ̀ bàtà bá ṣí lọ́nà, ẹ wé e yípo, á gbé yín délé.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ bàtà wò, tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lò gan-an. Kí ẹ tó so okùn, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí ọmọ ìka yóò fi kan imú bàtà; ó yẹ kí ìka ọwọ́ kan wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Àìsí àyè yẹn ló ń sọ èékánná ẹsẹ̀ di dúdú nígbà sísọ̀, nítorí gbogbo ìṣísẹ̀ ni ọmọ ìka ń fi kọ imú bàtà. Ẹ gé èékánná ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ tún okùn so kó le ní ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má ṣe sún. Níbi tí bàtà bá ti ń ta yín, ẹ dúró kí ẹ lẹ plásítà mọ́ ọn *nígbà tó bá ń gbóná*, ẹ má dúró kó di ìléròrò.

Àwọn ọmọ kò nílò bàtà orí òkè fún ọ̀nà ìyeyè. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gánnágánná jíjìn tó wọ ilẹ̀ ti tó. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán bíi àwo, ẹ fi sílẹ̀ nílé.

SS ni àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. AS ni èmi àti bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Chamonix ní Faransé fẹ́ kí gbogbo wa jọ wọ ọkọ̀ orí wáyà gun Aiguille du Midi. Ara ọmọ náà ti le láti bí ọdún méjì. Ṣé kò léwu? — Òbí kan, Barnawa, Kàdúná

Ó léwu. Ẹ má gbé ọmọ yìí gòkè yẹn, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó.

Chamonix wà ní nǹkan bí 1,035 mítà. Òkè Aiguille du Midi wà ní 3,842 mítà. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ náà fi ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ débẹ̀, ara kò rí àyè mọ́ ọn lára. Níbẹ̀, ọ́síjìn tí èémí kan ń gbé wọlé kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí à ń rí ní etí òkun. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde a máa yí padà di bí dòjé nígbà tí ọ́síjìn bá dín, á wá dí ojú iṣan. Ìrora tí ẹ mọ̀ yẹn nìyẹn. Òtútù àti àìmu omi tó ń fa ohun kan náà, orí òkè sì ní gbogbo wọn pọ̀ níbì kan.

Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kó jókòó sílé. Gíga Chamonix fúnra rẹ̀ kò ju ti ìlú Jos lọ, tó wà ní nǹkan bí 1,200 mítà. Bí ọmọ náà ti lọ sí Jos rí tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, nítorí ó wúlò. Kí dókítà yẹn fọwọ́ sí ìrìn-àjò náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ òfuurufú pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ náà: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè dà bí ti ibi tó ga tó 2,400 mítà, wákàtí mẹ́fà gbáko sì ni.

Ní àfonífojì Chamonix, ọ̀nà títẹ́ wà. Ẹ lè rìn lọ sí Lac des Gaillands, adágún kékeré kan lẹ́bàá ìlú tí a ti ń wo Mont Blanc kedere. Ọmọ náà á rí òkè tó ga jù nínú Alps láìgun nǹkan kan. Kí ó máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Kó wọ ìbọ̀sẹ̀ àti súẹ́tà kó tó di pé òtútù mú un, kí ẹ sì máa sinmi kó tó sọ pé ó rẹ òun. Kò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú adágún tàbí odò ibẹ̀, yìnyín ló yọ́ di omi wọn. Òògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì tí ẹ fi sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ọwọ́ yín ni kó wà, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà tó kọ SS, orúkọ òògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38°C, ilé ìwòsàn lẹ ń lọ, kì í ṣe ilé ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ń ra ìnṣọ́ránsì, ẹ sọ pé SS ni. Ẹni tó fi pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ AS ń gun òkè láìsí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá gún yín ní apá òsì ikùn, lábẹ́ egungun ìhà, nígbà tí ẹ wà níbi gíga, ẹ má pè é ní inú rírun. Ọlọ inú lè ti wà nínú ewu. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé AS ni yín.

Fún àwọn òǹkàwé yòókù: láti nǹkan bí 2,500 mítà sókè, orí fífọ́, inú rírú àti òòyì lè mú ẹnikẹ́ni. Òògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni sísọ̀. Ọmọ tí kò tíì lè sọ pé orí ń fọ́ òun, ẹ má gbé e kọjá ibẹ̀.

Jos là ń gbé, a mọ òtútù. Oṣù Kẹjọ là ń lọ, wọ́n sì ní ìgbà ooru ni níbẹ̀. Ṣé súẹ́tà tí a ń wọ̀ lásìkò ọyẹ́ kò tó? — Ìyá Tóbi, Rayfield

Òtútù ọyẹ́ gbẹ. Ti Alps ń bá òjò rìn, ibẹ̀ ni ó ti yàtọ̀. Bí a bá ń gòkè, òtútù ń fi bíi 6.5°C kún ara rẹ̀ ní gbogbo 1,000 mítà. Bí ìlú tí ẹ sùn sí ní 800 mítà bá wà ní 25°C, ní 2,200 mítà ẹ ó bá 16°C. Bí òjò àti atẹ́gùn bá dé sí i, ó lè já sí 5°C láàárín wákàtí kan. Yìnyín lè bọ́ ní Oṣù Kẹjọ lókè 2,000 mítà.

Ẹ fi aṣọ lé ara wọn ní ìpele mẹ́ta. Èyí tó kan ara kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ gan-an ló dára jù, kì í fa òógùn mọ́ra, ó sì ń tètè gbẹ. Súẹ́tà ọyẹ́ yín á tẹ̀ lé e. Kóòtù òjò tó ní fìlà ló máa wà lókè, kó tóbi tó láti bo súẹ́tà. Agbòjò kò wúlò nínú atẹ́gùn orí òkè. Jíǹsì ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní Rayfield: bó bá tutù, á wúwo, kò sì ní gbẹ títí alẹ́. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú jẹ́sì kan àti ìbọ̀sẹ̀ kan tó gbẹ sí i, nínú ọ̀rá tí ẹ so lẹ́nu. Ìbọ̀wọ́ àti fìlà wúùlù kò wúwo.

Oòrùn ibẹ̀ náà kì í ṣeré. Agbára rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ní gbogbo 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ tútù kì í sì jẹ́ kí a mọ̀. Ara dúdú náà ń jó. Ẹ fi ìpara tó ń dènà oòrùn SPF 30 ó kéré tán pa imú, etí àti ẹ̀yìn ọrùn, kí ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì.

Àrá ni ẹ̀rù rẹ̀ bà wá jù fún ẹ̀yin tó máa ń pẹ́ jí lọ́lidé. Nígbà ooru, ọ̀sán ló sábà máa ń sán lórí Alps. Àárọ̀ á mọ́ gaara. Tó bá di bí aago mọ́kànlá, ìkùukùu funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á dúdú. Àsìkò àtisọ̀ nìyẹn, kódà bí òjò kò tíì kán. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi sán. Bí ẹ kò bá ka ju 30 lọ, ó ti wà láàárín kìlómítà mẹ́wàá. Ẹ kúrò lórí góńgó àti níbi gbalasa, ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ jìnnà sí wáyà àti ọgbà onírin. Bí kò bá sí ilé nítòsí, ẹ lóṣòó síbi tó rẹlẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀ lórí báàgì, kí ẹ sì fi mítà díẹ̀ jìnnà síra. Ó máa ń ṣòro láti má gbá ọmọ mọ́ra nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ láti ibi tí ẹ wà. Ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí ẹ tó tún rìn.

Mùsùlùmí ni wá, ọmọ Ìlọrin ní Sabon Gari, Kánò. Kí la lè jẹ ní ilé oúnjẹ orí òkè tí a ò ní ṣẹ̀? — Alhaja

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà níbi tí ẹ kò rò, Alhaja. Ọbẹ̀ ọkà bálì tí wọ́n ń pè ní *Gerstensuppe*, ẹ̀lẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni *Älplermagronen*, màkàróònì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ pòtétò àti wàràkàṣì. *Tartiflette* ti Faransé, kò sí méjì, ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. *Fondue*, wàràkàṣì yíyọ́ tí gbogbo àlejò ń béèrè, wáìnì funfun ni wọ́n fi ń yọ́ ọ. Ní Ọ́sítríà, wọ́n lè ti rẹ èso gbígbẹ inú *Kaiserschmarrn* sínú ọtí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa wò lára ìwé oúnjẹ: *Schwein, Speck, Schinken* lédè Jámánì, *porc, lardons, jambon* ní Faransé, *maiale, pancetta, prosciutto* ní Ítálì.

Èyí tó rọrùn jù ni *Rösti*, pòtétò tí wọ́n rẹ́ tí wọ́n sì dín, pẹ̀lú ẹyin. Ẹ sọ pé *ohne Speck*, ìyẹn láìfi ẹlẹ́dẹ̀ sí i, kí ẹ sì béèrè bóyá bọ́tà ni wọ́n fi dín in. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ tiyín dání, bẹ́ǹṣì ẹ̀bá ọ̀nà ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Orí tábìlì ilé oúnjẹ jẹ́ ti ẹni tó bá ra nǹkan. Ní ti ìrun, ní Oṣù Keje, Àyílà máa ń bọ́ sí bí aago kan àbọ̀ ọ̀sán, Màgàríbì á kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìsinmi oúnjẹ yín bá Àyílà mu, ẹ ó sì ti délé tipẹ́ kí Màgàríbì tó wọlé.

Níbo la ti lè fi ẹsẹ̀ dánra wò ní Àbújá? — Alágbàṣe kan, Gwarinpa

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé alájà mẹ́rin lórí ilẹ̀ fún yín ní bíi 12 mítà. Ìgbà mẹ́wàá jẹ́ 120 mítà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ẹ má fi ẹ̀rọ sọ̀ o, sísọ̀ ló ń kọ́ orúnkún. Bí ẹ bá fẹ́ òkè gidi bíi ti Katampe, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ pọ̀ lọ, kí ẹ mú ẹni tó mọ àdúgbò dání, kí ẹ sì béèrè bí ààbò ibẹ̀ ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. Àpáta wa gbẹ ló dára. Lẹ́yìn òjò Oṣù Kẹjọ, ewédò orí rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Zuma tó wà lórí náírà ọgọ́rùn-ún, wíwò ni.

Ọmọ mi jẹ́ oṣù mẹ́jọ. Ṣé mo lè fi òjá pọ̀n ọ́n? — Ìyá Ọmọ, Lugbe

Lórí ọ̀nà ìyeyè tó tẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ibi gígùn, òjá á máa tú bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ síwájú, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ fi gbá nǹkan mú tún un so. Ẹ wá àpò ìgbọ́mọ tó ní bẹ́líìtì. Ẹ̀yin ń làágùn, ẹsẹ̀ ọmọ ń tutù, nítorí òun kò rìn. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú. Bí ọkọ̀ orí wáyà bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀, ẹ fún un lọ́mú kí etí má bàa dùn ún.

Màlúù ń bẹ lójú ọ̀nà ibẹ̀ bí? — Bàbá Wálé, Bwari

Ó pọ̀. Màlúù tó ń gba ojú títì kọjá ní Àbújá ní daran-daran lẹ́yìn, kì í wo ẹnikẹ́ni. Ti Alps ń jẹko lóun nìkan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, abiyamọ ni. Ẹ fi ó kéré tán 20 mítà sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé lọ fọwọ́ pa ọmọ màlúù lórí, ẹ má sì gba àárín ìyá àti ọmọ. Ẹnu ọ̀nà ọgbà tí ẹ bá ṣí, ẹ tì í. Wáyà tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní iná, kò ní pa ọmọ ṣùgbọ́n á ta á dáadáa.

Eégbọn wà nínú koríko gíga pẹ̀lú, pàápàá nísàlẹ̀ 1,500 mítà. Lálẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn etí, abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti itan àwọn ọmọ. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré gbá a mú níbi tó súnmọ́ awọ ara jù, kí ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ má da kẹrosínì sí i. Bí òrùka pupa bá yọ níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kódà bí ẹ ti padà sí Bwari, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn ilẹ̀ Yúróòpù ló jẹ ẹ́.

Ìwé wo la nílò, ṣé a sì lè gbé kílíṣí dání? — Ìdílé kan, Zaria

Físà Schengen: yúrò 90 fún àgbà, 45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí kí ó tó pé méjìlá, ọ̀fẹ́ fún èyí tí kò tó mẹ́fà. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Fún ọlidé, ẹ má jẹ́ kó di Oṣù Kẹfà. Ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000, ṣùgbọ́n ẹ ka inú rẹ̀: ọ̀pọ̀ kì í san owó hẹlikópítà orí òkè. Kílíṣí kò gbọdọ̀ wọlé, wọ́n ń gba ẹran àti wàrà lọ́wọ́ èrò ní pápákọ̀ òfuurufú. Dàbínù wọlé.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè, ta la máa pè? — Òǹkàwé kan, Asokoro

112 káàkiri Yúróòpù. Ní Swítsàlandì, 1414 ni nọ́ńbà Rega tó ń fi hẹlikópítà gbé ènìyàn. Ní Ọ́sítríà, 140. Bí fóònù kò bá wọlé, ẹ fi fèrè tàbí tọ́ọ̀ṣì ṣe àmì mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un ṣe. Ìdáhùn jẹ́ mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Bí hẹlikópítà bá dé orí yín, ọwọ́ méjèèjì lókè bí lẹ́tà Y túmọ̀ sí pé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ kò fẹ́. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọn ọmọ wa tó máa ń na ọwọ́ méjèèjì sí bàlúù lókè fún ìkíni, bí wọ́n bá ṣe é lórí Alps, hẹlikópítà lè balẹ̀ sọ́dọ̀ wa.